Àìsàn Kejì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Béèrè

Kò sí ọmọ Yorùbá tó gbé láàrin àgbà tí kò gbọ́ nípa ọdẹ orí rí. Ẹni tó ń ṣe á ní nǹkan ń rìn kiri nínú orí òun, etí òun ń hó, àyà òun ń já, àtàrí òun ń gbóná, òun ò sì rí oorun sùn mọ́. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, á ní nǹkan ọ̀hún ti sọ̀kalẹ̀, ó ti dé ẹ̀yìn, ó ti ń lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn ìyá wa ní àgbo tí wọ́n ń sè fún un. Àwọn kan á sín gbẹ́rẹ́ sí i, àwọn kan á gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Ẹlòmíràn á lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n á ya àwòrán orí rẹ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan kan. Á bínú kúrò níbẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun.

Roger Makanjuola, dókítà àrùn ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tó sì padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, fetí sí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1987 ó tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tó gbé ọdẹ orí wá sí kílíníìkì. Nígbà tí wọ́n béèrè ohun tó yẹ lọ́wọ́ wọn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìbalẹ̀ ọkàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Orí wọn ń gbóná lóòótọ́. Ọkàn ló ń ṣàìsàn, ara ló ń ké.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní 1999, àwọn olùwádìí gbé èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ibùdó ìtọ́jú 15 ní orílẹ̀-èdè 14 jáde, Ìbàdàn sì wà lára wọn. Láàrin àwọn tó kàn wá rí dókítà fún ìtọ́jú ojoojúmọ́, wọ́n rí 1,146 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 69 ló jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ara nìkan ni wọ́n bá wá: ẹ̀yìn ń ro wọ́n, orí ń fọ́ wọn, ó ń rẹ̀ wọ́n. Wọn ò dárúkọ ọkàn rárá.

Kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tó wáyé, òyìnbó kan tó ń jẹ́ J. C. Carothers ti kọ ọ́ sínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 1953 pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò wọ́pọ̀ láàrin aláwọ̀ dúdú. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, Thomas Adéoyè Lambo àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé tiwọn jáde lórí àwọn ará abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká, wọ́n sì rí àmì ìrẹ̀wẹ̀sì láàrin wọn dáadáa. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ wá wò ó ni kò mọ ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí títí di òní pé irú èrò Carothers yẹn ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn wa fúnra wọn, tí wọ́n ń sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìsàn òyìnbó ni.

Nítorí náà, apá kan ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. A mọ̀ pé ọkàn lè dàrú kó wá máa fi orí àti ẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Apá kejì ni a ò tíì mọ̀ dáadáa: pé àìsàn ara tí ẹ̀rọ rí, tí dókítà fọwọ́ sí, tí a ń gbé oògùn rẹ̀ mì láàárọ̀ àti lálẹ́, lè ṣílẹ̀kùn fún ìrẹ̀wẹ̀sì, pé ìrẹ̀wẹ̀sì náà á wá di àìsàn tó dá dúró, pé á tún padà sẹ́yìn, á máa ba ìtọ́jú ti àkọ́kọ́ jẹ́. Jos ni mo fẹ́ mú yín gbà dé ibẹ̀.

Jos kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí Yorùbá. Láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti ń wa kùsà tíìnì lórí òkè náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá làwọn èèyàn wa ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní pàtàkì, débi pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n bí síbẹ̀, tí Haúsá wọn já gaara bí Yorùbá wọn. Ìlú náà ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sí ìpele òkun, òtútù rẹ̀ nínú oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù Ṣẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ yunifásítì tó wà níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní JUTH, wà ní Lamingo báyìí. Onírúurú èèyàn láti Plateau àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká ló ń wá síbẹ̀, tí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn kíndìnrín àti kòkòrò HIV ń mú wọn wá lóṣooṣù.

Ní ilé ìwòsàn yìí ni T. M. Agbir àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ohun kan tó rọrùn, àmọ́ tí a kì í ṣe. Wọ́n lọ bá àwọn alátọ̀gbẹ tó ń wá gba ìtọ́jú, tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n sì fi ìbéèrè wá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára wọn. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Iye àwọn tí wọ́n bá ìrẹ̀wẹ̀sì lára wọn sún mọ́ ẹnìkan nínú márùn-ún. Ẹ ronú sí i: bí alátọ̀gbẹ márùn-ún bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan tí wọ́n ń dúró de dókítà, àìsàn méjì ni ọ̀kan nínú wọn gbé wá, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sórí káàdì rẹ̀.

Jos kò dá wà nínú èyí. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé wádìí lẹ́nu àwọn èèyàn tó ju 240,000 lọ ní orílẹ̀-èdè 60, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2007, wọ́n rí i pé láàrin àwọn tó ní àìsàn ara tó ń pẹ́ lára, bíi àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée, làkúrègbé tàbí àrùn ọkàn, nǹkan bí ẹni 9 sí 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Iye yẹn ga ju ti àwọn tí ara wọn dá lọ. Ohun mìíràn tí wọ́n rí ló yẹ kí gbogbo dókítà lẹ̀ mọ́ ara ògiri: ara ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá kún àìsàn rẹ̀ burú ju ti ẹni tó ní àìsàn ara méjì lọ, bí ẹni yẹn kò bá ní ìrẹ̀wẹ̀sì.

Bí a bá sọ èyí fún àwọn ẹbí, èsì wọn kì í pẹ́ jáde. Wọ́n á ní, "Ṣé kò yẹ kó ronú ni? Àìsàn tí kò lọ bọ̀rọ̀, oògùn olówó gọbọi, kó má lè jẹ iyán mọ́. Ta ni kò ní ronú?" Èsì yẹn dùn létí, ìfẹ́ ló sì wà nídìí rẹ̀. Síbẹ̀, òun gan-an ni mo rí bí ìdènà tó tóbi jù. Ó ga ju àìsí owó lọ, ó ga ju àìsí dókítà lọ, nítorí ó ń sọ fún aláìsàn pé ohun tó ń ṣe é kò ní ìtọ́jú, pé ó kàn yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bó bá jẹ́ pé ìbànújẹ́ àìsàn nìkan ló fà á, kí ló dé tí mẹ́rin tó kù lórí bẹ́ǹṣì yẹn kò rẹ̀wẹ̀sì? Àtọ̀gbẹ kan náà ló ń ṣe wọ́n. Oògùn kan náà ni wọ́n ń rà, ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ní kí wọ́n dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Wọ́n ń bínú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sunkún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á rẹ́rìn-ín ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n á lọ sí ọjà, wọ́n á bá aládùúgbò jà nítorí omi. Ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì karùn-ún. A sì mọ bí a ṣe ń ṣe irú ọ̀rọ̀ yìí tó bá kan ara. Gbogbo wa mọ̀ pé àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń bá ara wọn gbé. Kò sí dókítà tó jẹ́ sọ pé, "Ìyá, àtọ̀gbẹ yín ló mú ẹ̀jẹ̀ ríru yín wá, ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ sílé." Oògùn méjèèjì ni wọ́n máa ń kọ fún un. Kí ló dé tí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìrẹ̀wẹ̀sì?

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìyá kan tó ń ta aṣọ nítòsí Terminus ní Jos. N kò mú ẹnì kan pàtó lọ́kàn. Irú rẹ̀ pọ̀ ni. Ó ti jí ní ìdájí kó lè tètè gba nọ́ńbà. Òtútù mú un, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra. Nọ́ọ̀sì gún ìka rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kán sórí ìrépé kékeré, ẹ̀rọ sì fi 13.8 hàn. Dókítà ọ̀dọ́ gbé ojú sókè: "Sannu, Màámà. Ṣúgà yín tún ti lọ sókè. Ṣé ẹ ń lo oògùn?" Ó ní òun ń lò ó. "Kí lẹ ń jẹ?" Ó dákẹ́. Dókítà fi oògùn kún oògùn, ó dá oṣù mìíràn fún un, ó sì pe ẹni tó kàn, nítorí èèyàn ṣì pọ̀ lójú ìlà.

Ohun tí ìyá yìí kò sọ pọ̀ ju èyí tó sọ lọ. Kò sọ pé ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí òun kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò sọ pé nígbà tí ọmọ àbúrò òun ṣe ìgbéyàwó, òun san owó aṣọ ẹbí, àmọ́ òun ò gbé e fún télọ̀. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ pé lálaalẹ́ kó máa jókòó sí ibi tí iná wà, kó gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún, kó máa ya àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan wò, kó fi jígí wo àtẹ́lẹsẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè gba ọgbẹ́ kó má mọ̀ ọ́n lára. Ó ti ń ṣe é fún ọdún mélòó kan láìpa ọjọ́ kan jẹ. Ó ti dáwọ́ rẹ̀ dúró báyìí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ béèrè, ó ní, "Ìwo ọ̀hún, kí ló fẹ́ dà?" Nínú gbólóhùn yẹn ni àìsàn kejì ti fi ara hàn, kò kàn sí ẹni tó gbọ́ ọ bí àmì àìsàn ni.

Ó ṣòro fún dókítà náà pẹ̀lú, ká sọ òótọ́. Àárẹ̀, àìróorunsùn, àìjẹun dáadáa, rírù, àìlè pọkàn pọ̀: gbogbo wọn wà nínú àtọ̀gbẹ tí kò gbóògùn, gbogbo wọn sì wà nínú ìrẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó bá ń wo ara nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni inú ohun tí ẹ̀rọ kò lè wọ̀n. Ẹni tí àtọ̀gbẹ nìkan ń ṣe lè rẹ̀ kó má lè lọ síbi ìgbéyàwó, àmọ́ á fẹ́ láti lọ, á ní kí wọ́n gbé jollof tòun wá sílé. Ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì kò fẹ́. Adùn ti lọ kúrò nínú nǹkan. Ó ń rò pé òun jẹ́ ẹrù fún àwọn ọmọ òun, pé òun ti ná owó iléèwé wọn sórí oògùn, pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ló ń jà.

Àwọn dókítà ní ìbéèrè méjì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé ẹ ti ń rí i pé ohun tí ẹ máa ń gbádùn kò wù yín ṣe mọ́? Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé ọkàn yín ń wúwo, tàbí ó ń ṣe yín bíi pé kò sí ìrètí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á tẹ̀ síwájú sí ìbéèrè mẹ́sàn-án, tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 27. Ẹni tó bá gba 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Abíọ́dún Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìbéèrè mẹ́sàn-án yìí wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, wọ́n sì fi hàn ní 2006 pé ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì lè béèrè méjì àkọ́kọ́ yẹn nígbà tó bá ń wé okùn ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá aláìsàn. Owó rẹ̀ kò tó kọ́bọ̀.

Báwo wá ni àìsàn ara ṣe ń di ti ọkàn? Èèyàn ti ń rò ó tipẹ́. Thomas Willis, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé ìtọ̀ alátọ̀gbẹ máa ń dùn bí oyin, gbà pé ìbànújẹ́ tó pẹ́ lára wà lára ohun tó ń fa àrùn náà. Kò ní ẹ̀rọ kankan tó fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn aláìsàn rẹ̀ ló ń wò. Lónìí a mọ̀ pé nígbà tí ọkàn bá wà nínú wàhálà fún ìgbà pípẹ́, ara máa ń tú họ́mọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ́ cortisol sínú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kan sì ni láti gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, bíi pé èèyàn fẹ́ sá fún ẹranko. Ìyá tó wà ní Terminus kò sá fún nǹkan kan. Ó jókòó sójú kan láti àárọ̀, ṣúgà náà ò sì rí ibi lọ. Nítorí náà, 13.8 tí ẹ̀rọ fi hàn yẹn lè má jẹ́ ti oúnjẹ tó jẹ nìkan.

Ẹ̀rí tó wú mi lórí jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi C. Kí oògùn oníhóró tó ń wò ó sàn báyìí tó dé, abẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ interferon ni wọ́n fi ń tọ́jú wọn. Ara wa fúnra rẹ̀ máa ń ṣe irú èròjà yìí nígbà tó bá ń bá kòkòrò jà. Abẹ́rẹ́ náà kàn ń fi kún un ni. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín wọlé lóṣù tó kọjá á wá jókòó, á máa sunkún, kò sì sí ẹni tó kú fún un. Èròjà tí ara fi ń jagun ti wọ ọpọlọ lọ. Bẹ́ẹ̀, nínú àtọ̀gbẹ, nínú làkúrègbé, nínú àrùn ọkàn àti kíndìnrín, ogun kékeré irú yẹn ń lọ nínú ara lọ́sàn-án lóru, fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó ní kí aláìsàn bẹ́ẹ̀ "mú ọkàn le" ń bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìmọ̀.

Láti ọ̀dọ̀ ọkàn padà sí ara, ọ̀nà náà ṣe tààrà. Ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì kì í lo oògùn déédéé. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwádìí jọ ní ọdún 2000, wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe ní ìlọ́po mẹ́ta kí aláìsàn tó rẹ̀wẹ̀sì má tẹ̀ lé ohun tí dókítà sọ. Ní Montreal ní Kánádà, Nancy Frasure-Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé èèyàn 222 tí ọkàn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n yè é. Èsì wọn ní 1993 ni pé láàrin oṣù mẹ́fà, ewu ikú fún àwọn tó rẹ̀wẹ̀sì ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn èyí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún sọ pé ọ̀rọ̀ inú lásán ni.

Jos tún ní ẹrù tirẹ̀ tó gbé lé e. Rògbòdìyàn oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ti 2008, ti 2010. Ọjà ńlá Terminus tó jóná ní 2002, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò pàdánù gbogbo ohun ìní wọn sí i. Ẹni tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ lónìí lè ti sin ọmọ nígbà yẹn, tàbí kó ti kó kúrò ní àdúgbò tó ti gbé ní ọgbọ̀n ọdún. Dókítà tó bá ń wá ìdí ìrẹ̀wẹ̀sì nínú ṣúgà nìkan á pàdánù èyí.

Ní ìlú kan náà, ilé ìwòsàn Evangel, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Jankwano, ti ń tọ́jú àwọn obìnrin tí ìrọbí tó pẹ́ jù ti dá ihò sí lábẹ́, tí ìtọ̀ ń dà lára wọn láìdúró. Ọkọ ẹlòmíràn ti lé e jáde, àwọn ará ilé kò fẹ́ bá a jókòó nítorí òórùn. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé ìdí tí ọkàn obìnrin náà fi wó. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ethiopia lórí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ fi hàn pé nígbà tí iṣẹ́ abẹ bá dí ihò náà, ìdààmú ọkàn máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, àmọ́ kì í tán lára gbogbo wọn. Ìtọ́jú ara ń ran ọkàn lọ́wọ́. Kì í parí iṣẹ́ ọkàn.

Ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ní àìsàn ara pẹ̀lú. Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn wa ni ilẹ̀kùn tí wọ́n máa gbà wọlé. Bí dókítà àtọ̀gbẹ bá ní kí ìyá wa lọ rí dókítà ọpọlọ, ohun tí ìyá gbọ́ ni pé wọ́n ti ń pe òun ní wèrè, àwọn ọmọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn kí ojúlùmọ̀ má baà rí wọn ní ọ̀nà yẹn. Bẹ́ẹ̀, àwa gan-an la kọ́ ayé ní ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní Abẹ́òkúta ní 1954, àwọn aláìsàn rẹ̀ ń gbé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí pẹ̀lú ìbátan kan tó ń se oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì ń rìn wá gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán. Kò yọ aláìsàn kúrò láàrin èèyàn kó tó tọ́jú rẹ̀.

Irú ọgbọ́n yẹn ni àwọn ẹlòmíràn ń lò báyìí ní ọ̀nà tiwọn. Ní Seattle ní Amẹ́ríkà, Wayne Katon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú èèyàn 214 tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì pẹ̀lú àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn tí kò gbóògùn. Fún ìdajì wọn, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń bójú tó gbogbo rẹ̀: ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn, tí àwọn dókítà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èsì 2010 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, ìrẹ̀wẹ̀sì dín kù, ṣúgà náà sì wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru náà wálẹ̀. Ní Zimbabwe, Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà àdúgbò láti máa jókòó pẹ̀lú aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì onígi ní àgbàlá ilé ìwòsàn, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n bá a mú ìṣòro kan ṣoṣo kí wọ́n sì wá ojútùú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Èsì rẹ̀ tó jáde ní 2016 dára, ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà ló sì ní kòkòrò HIV lára. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé láti mọ ìrẹ̀wẹ̀sì, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ níbi tí aláìsàn wà. Nígbà tí mo bá rò ó pé JUTH ní ẹ̀ka àtọ̀gbẹ àti ẹ̀ka ọpọlọ lábẹ́ òrùlé kan, tí Jos sì kún fún ìyá àgbà inú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí etí wọn dára láti gbọ́ ọ̀rọ̀, mo gbà pé kò sí ohun tó yẹ kó dí wa lọ́wọ́.

Oògùn pẹ̀lú wà, àwọn kan nínú rẹ̀ kò wọ́n. Amitriptyline ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní, ó sì ń ran àwọn alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ ń ta bí iná lọ́wọ́. Àmọ́ ó lè mú kí èèyàn sanra sí i, kò sì yẹ kí ẹni tó ní àrùn ọkàn dá lò ó láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Fluoxetine kì í sábà múni sanra, àmọ́ ó lè fa ṣúgà wálẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì gbọ́dọ̀ máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò léraléra ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Méjèèjì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáwọ́ dúró lọ́jọ́ karùn-ún, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń gbàdúrà, kó máa gbàdúrà. Mo mọ ohun tí àdúrà ń ṣe fún ọkàn tó wó. Kó má ṣe fi oògùn sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ni.

Ó ku ìbéèrè kan tí gbogbo wa ń sá fún. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń sọ pé, "Kí Ọlọ́run kúkú wá mú mi lọ." A máa ń ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," a sì ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ó yẹ kí á dúró síbẹ̀. Kí ọmọ náà jókòó, kó béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Màámi, ṣé ẹ ti ń rò ó pé ó sàn kí ẹ kú? Ṣé ẹ ti ń rò ó pé ẹ máa ṣe nǹkan kan sí ara yín?" Ìbéèrè náà kì í gbin èrò yẹn sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ìtura ni ó sábà máa ń mú wá. Bí ìdáhùn sí èkejì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò gbọ́dọ̀ fi òun nìkan sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an sì ni kí wọ́n gbé e dé ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, kí wọ́n sọ ohun tó sọ fún dókítà bó ṣe sọ ọ́, láìbò ó. Nílé, kí ẹlòmíràn kó gbogbo oògùn rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì sọ́wọ́, kó máa fún un ní ti àárọ̀ láàárọ̀, ti alẹ́ lálẹ́, títí dókítà yóò fi ní ó tó.